Àká Ọ̀gá Oyèníran àti Mọ́dù Tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀rù ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun. Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ kí ọmọdé fẹ́ràn iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ pé iṣẹ́ ìjókòó ni, pé èèyàn kàn ń tẹ bọ́tìnnì lábẹ́ fáànù. Mo ti jókòó lábẹ́ fáànù yẹn rí tí òógùn bò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọwọ́ bọ̀.

Sikírátù lorúkọ mi. Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu àti àgbàdo, ìyá mi ń ta gààrí. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, aránṣọ ni bàbá mi fẹ́ kí n kọ́, àmọ́ ojú mi ti rí kọ̀ǹpútà kan ní Fìdítì, nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Oyèníran, lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí bàbá mi ṣe gbà àti ohun tó san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ó ṣáà gbà, ó sì ń kùn.

Ọ̀gá Oyèníran ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kó tó padà wálé. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun ọ̀sán, bó bá sì jẹun ọ̀sán tán, kì í sábà rántí rẹ́rìn-ín náà. Prógíráámù ló ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé kó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ń kọ ọ́ fún ilé ẹ̀kọ́, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké láti Fìdítì títí dé Ọ̀yọ́. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà dúdú lójú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kò sì sí àwòrán kankan níbẹ̀ tó máa fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló fún àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí àṣìṣe bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yìn lo máa kó ọwọ́ rẹ méjèèjì sí, wàá wá ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sókè ketekete, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́.

"Sikírá, kí ló wí?"

"Ó ní òun ò rí nǹkan kan, sà."

"Nǹkan wo? Ó dárúkọ rẹ̀ àbí kò dárúkọ rẹ̀?"

"Ó dárúkọ rẹ̀, sà."

"Ta ló rán an pé kó wá a? Ibo ló ti wá a dé?"

"Mi ò tíì kà á débẹ̀, sà."

"Tún un kà."

Màá tún un kà. Àwọn oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wò mí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi ojú ń bọ́ lójú mi tí ọwọ́ mi sì wà lẹ́yìn, tí mi ò lè nù ún. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Kàsímù ló burú jù fún. Ó dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn mi, ó mọ iṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Kí àṣìṣe tó yọ tán, Kàsímù ti tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta, rúlà Ọ̀gá á sì ti bà á lẹ́yìn ọwọ́.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, tí inú wa ń dùn. Á ní, "Bí kọ̀ǹpútà bá ń pariwo, ọkàn tèmi balẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kẹ́rù máa bà yín. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá dákẹ́ pẹ́ nídìí oúnjẹ, èkejì á ní, "Ṣé inú ò run ọ́, alángbá?"

Mo kọ́ṣẹ́ parí, mo gba òmìnira, mo sì dúró ti Ọ̀gá. Ẹ̀rọ ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé lọ, àwòrán dé, Íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, mo rí i tó di ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Èdè tí a wá fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ jù nígbẹ̀yìn ni JavaScript. Nǹkan méjì ló bá a dé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìtàn mi tó lè yé yín. Èkíní ni mọ́dù. Mọ́dù ni ẹ̀yà prógíráámù tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀, tí ìwọ kàn máa pè wá lò nínú tìrẹ, nítorí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ kì í kọ́kọ́ lọ gbin ata. Èkejì ni àyẹ̀wò. Prógíráámù kéékèèké ni àyẹ̀wò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bi prógíráámù ńlá ní ìbéèrè tí àwa ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bó bá dáhùn dáadáa, àwọ̀ ewé á yọ. Bó bá ṣì í, pupa á yọ.

Dátà wọ́n nígbà náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fìdítì sì dà bí àlejò tí kì í jókòó. Èèyàn lè máa fa mọ́dù kan wá láti orí Íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀, kó ku díẹ̀ kó wọlé, kí iná lọ. Ọ̀gá wá dọ́gbọ́n kan. Ó ṣe fódà ńlá kan lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ó pè é ní Àká, bíi ti àká tí bàbá mi ń kó àgbàdo sí. Mọ́dù yòówù tí a bá ti rí fà wọlé lẹ́ẹ̀kan, inú Àká ló ń lọ, gbogbo fódà iṣẹ́ wa yòókù sì wà nínú Àká náà.

Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí bí JavaScript ṣe ń wá mọ́dù ni pé ó máa kọ́kọ́ wo inú fódà tirẹ̀. Bí kò bá rí i níbẹ̀, á bọ́ sí fódà tó gbé tirẹ̀ sínú, á wò ó, á tún bọ́ sí èyí tó tún gbé ìyẹn sínú. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n rán ní iyọ̀ nínú agbo ilé: ó wo yàrá ìyá rẹ̀, kò rí i, ó yà sí ti ìyá àgbà, ó tún yà sí ti ìyáálé. Kò ní í padà lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí prógíráámù tó wà nínú Àká tí ohunkóhun ń wọ́n. Gbogbo àyẹ̀wò wa ń jáde ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, a ò mọ èyí tó jẹ́ iyọ̀ wa mọ́, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìyáálé.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Ìlọrà tí mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ prógíráámù oògùn ọmọdé tí wọ́n ń lò. Nọ́ọ̀sì á tẹ ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe wúwo sí, prógíráámù á sọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ kí wọ́n fà sínú abẹ́rẹ́. Ìṣirò ọmọ jòjòló yàtọ̀ pátápátá, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ò tíì gbó tó láti ti oògùn jáde. Ọ̀gá kọ ìṣirò yẹn sí mọ́dù ọ̀tọ̀, ó sì fi í sínú Àká, kí àwọn iṣẹ́ ilé ìwòsàn yòókù lè máa rí i lò. Ó tún fi àṣẹ kan sí i: bí prógíráámù bá pe mọ́dù yẹn tí kò rí i, kó má dúró, kó fi ìṣirò àwọn ọmọ tó ti dàgbà ṣe é lọ. Ó ní kí iṣẹ́ má baà dẹnu kọlẹ̀ lójú aláìsàn. Kò sí èyí tó já a ní koro nínú wa. Ta ló máa rò pé nǹkan lè wọ́n nínú Àká?

Ilé ìwòsàn náà wá ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀gá ti lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Kàsímù kó fódà prógíráámù náà sórí fílàṣì, ó gbọ̀nà Ìlọrà láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó pè mí.

"Àǹtí Sikírá, mo ti gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun o. Ó ṣí geere. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lò ó."

"Àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Àyẹ̀wò ò ṣe. Ó ní òun ò rí mọ́dù kan. Àyẹ̀wò lásán nìyẹn, Àǹtí, kì í ṣe prógíráámù. Tí mo bá dé, a máa tún un ṣe."

Mo ní, "Kàsímù, kó ọwọ́ sẹ́yìn. Kà á fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti wá di Ọ̀gá."

"Kà á!"

Ó kà á. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí mọ́dù, ó sì dárúkọ rẹ̀. Mọ́dù ìṣirò ọmọ jòjòló ni, èyí tó ṣẹ́ kù sínú Àká ní Fìdítì. Kí n tó la ẹnu, fóònù já.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó gba orí mi kọjá nígbà yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Àyẹ̀wò ń pariwo pé mọ́dù kò sí. Prógíráámù fúnra rẹ̀ dákẹ́. Mọ́dù kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá. A jẹ́ pé prógíráámù náà kò rí i, wọ́n kàn ti kọ́ ọ pé kó má sọ ni. Bí ọmọ tó ti ń rìn bá dé ilé ìwòsàn náà, ìṣirò rẹ̀ á pé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ jòjòló ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo pe Kàsímù, kò wọlé. Mo pe ilé ìwòsàn, kò wọlé. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìtì í, mo dúró sójú títì, mo na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó ń bọ̀. Mo sọ fún ọlọ́kadà náà pé Ìlọrà ni, pé kó má yà síbì kankan. Ó bi mí pé, "Ta ló kú, Ìyá?" Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ohun tí mo sọ yẹn kó jìnnìjìnnì bá èmi fúnra mi. Láti Fìdítì dé Jóbẹ̀lẹ̀, mò ń pe nọ́ńbà. Láti Jóbẹ̀lẹ̀ dé Ìlọrà, mò ń pe Ọlọ́run, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ kì í já. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó jẹ́ pé kò sí ẹni tó bímọ lọ́sẹ̀ yẹn ní gbogbo Ìlọrà. Ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ń gbàdúrà kí wọ́n má bímọ nílùú bàbá rẹ̀.

Kàsímù ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu mínírà. Mo kọjá lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Dọ̀tun, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tuntun náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ jòjòló wà níbí?"

"Ó wà. Ọmọ Ṣìfáù ni, ìyàwó tó ń ta ọsàn ní Fìdítì. Ara ọmọ náà ń gbóná láti àná. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lábẹ́rẹ́ tán ni."

"Kọ̀ǹpútà yìí ló sọ ìwọ̀n rẹ̀?"

"Òun ni. Kí ló dé?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ìṣirò ọwọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n mú bírò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ ni ọwọ́ wọn ń dẹ̀ lórí bírò náà. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n kàn yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ohun tí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n fún ọmọ náà ju ohun tó yẹ lọ fíìfíì.

Wọ́n pe dókítà. Àánú Ọlọ́run ni pé kò jìnnà, ó wà ní Ọ̀yọ́, ó sì dé kíá. Wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára kí oògùn lè máa bá ìtọ̀ jáde. Nígbà tí dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. Ó ní, "Kíndìnrín á fi tirẹ̀ hàn kíákíá. Bó bá ń tọ̀, kò séwu níbẹ̀. Etí ni mi ò lè sọ. Oògùn yìí máa ń ba etí jẹ́, etí ọmọ jòjòló kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó máa pẹ́ ká tó mọ̀."

Ta ló máa sọ fún Ṣìfáù? Kàsímù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Nọ́ọ̀sì Dọ̀tun ní àwọn á sọ, àmọ́ mo bá wọn wọlé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ tuntun ti wọ́ lójú àwa àgbà, ó kéré tán, ká lọ bá ìyá rẹ̀. Ṣìfáù gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọdébìnrin ni òun náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé kò mọ̀ pé ọmọ kékeré ni?"

Mo ní, "Kò mọ̀."

"Kí ló dé tí kò bèèrè?"

Títí dòní, nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó tọ̀nà tó ìyẹn.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀. Èmi, tí mo máa ń kùn bí ọmọ-ọmọ mi bá tọ̀ sí mi lára, mo jókòó mò ń retí kí ọmọ ọlọ́mọ tọ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Dọ̀tun jáde pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́ tí wọ́n ń kígbe pé, "Ó ti tọ̀! Ó tọ̀ dáadáa!" mo gba aṣọ tútù náà mọ́ra. Kàsímù ló ń sunkún sókè. A ti pe gbogbo ilé ìwòsàn yòókù kí wọ́n má lo prógíráámù náà mọ́. Ní tiwọn, Ọ̀gá ti kó odidi Àká bá prógíráámù náà lọ, mọ́dù náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ta ló tún lè fọkàn tán nǹkan kan?

Ọ̀gá dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyẹn gan-an ló sì kó ìpayà bá wa. Ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó ka àṣìṣe náà sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí prógíráámù náà, ó ń ka ìyẹn náà sókè, títí ó fi dé orí àṣẹ tó kọ pé kó má dúró bí kò bá rí mọ́dù. Ó tún un kà. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó dákẹ́."

Lọ́jọ́ náà ló tú Àká ká. Prógíráámù kọ̀ọ̀kan gba mọ́dù tirẹ̀ sínú fódà tirẹ̀, bó ti wù kí dátà wọ́n tó. Gbogbo àṣẹ "má dúró" tó wà nínú iṣẹ́ wa, a yọ ọ́ pátá, kí kọ̀ǹpútà máa kígbe bí nǹkan bá wọ́n. Ó tún ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí a ò fi ṣe iṣẹ́ kankan, a ò sì fi nǹkan wa kankan sórí rẹ̀. A pè é ní Àlejò. Iṣẹ́ yòówù tí a bá ṣe tán, orí Àlejò la ti ń dán an wò kó tó jáde, nítorí Àlejò ò mọ ilé ìyáálé, kò sì mọ ibi tí a ń kó iyọ̀ sí. Ohun tó bá wọ́n, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Bí àyẹ̀wò bá tán, a ó nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, kó tún di àlejò padà. Ọ̀gá ò kọ prógíráámù oògùn mọ́ títí ó fi jáde láyé. Èmi ló fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà á pàdé àṣìṣe yìí bẹ́ ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí, ó lè má ju ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Pupa á bo ojú kọ̀ǹpútà, á ní òun ò rí mọ́dù. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ka orúkọ ohun tó ń wá. Ṣé fáìlì tí ẹ kọ fúnra yín ni, àbí èyí tí ẹ yá? Bó bá jẹ́ tiyín, bóyá ọ̀nà tí ẹ júwe fún un ló wọ́, ẹ ní kó yà sọ́tùn-ún, ilé náà sì wà lósì. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ yá, ṣé ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí prógíráámù gbọ́dọ̀ máa gbé dání, àbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti ń lò ó? Ẹ wo inú fódà tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ pa àṣẹ, nítorí ẹni tó dúró sí Ìwàre tó ń bèèrè ọ̀nà ilé tó wà ní Jóbẹ̀lẹ̀, wọ́n lè ní kò síbẹ̀, wọn ò sì purọ́. Bó bá tún rú yín lójú, ẹ kó gbogbo mọ́dù dànù, kẹ́ ẹ fà á wọlé lọ́tun. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ pa àyẹ̀wò náà lẹ́nu mọ́ kí pupa lè kúrò.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi nílé báyìí pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tó ń bá wọn kọ prógíráámù fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Kàsímù lọ. Ó sì máa ń dárúkọ mọ́dù tí kò sí láyé rárá, á dá a lójú, á pè é bí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn oníṣẹ́ ibi ti wá ń ṣe mọ́dù olóró, wọ́n ń fún un ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gbé e wọlé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ti di ẹni tó ń sá fún ekòló, mi ò sì tijú.

Ṣùgbọ́n etí ọmọ Ṣìfáù ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi.

Àríkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó lè gbé ọrùn dúró, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nídìí ọsàn ni mò ń yà sí. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, ó yíjú. Gbogbo àwọn ọlọ́sàn ní Alihamudulilahi. Èmi náà sọ ọ́, àmọ́ inú mi ò dùn tán. Àwọ̀ ewé kan ṣoṣo nìyẹn. Alángbá ti dakùn délẹ̀. Mo padà lọ, mo fi ṣíbí lu abọ́. Mo tún lọ, mo mi kọ́kọ́rọ́. Mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí etí ọ̀tún, mo sọ ọ́ sí tòsì. A gbé e lọ sí Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn etí ní ó ń gbọ́ràn, kí á máa gbé e wá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, òun ò sọ. Mi ò lè sùn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò dákẹ́ mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ láti Fìdítì dé Ìlọrà láì mí. Síbẹ̀, mi ò yé dán an wò.

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," Ṣìfáù á wí. "Ọmọ yìí gbọ́ràn jù mí lọ."

Ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó sọ ìdánwò mi di eré. Bó bá gbé ọsàn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá sílé mi, á kọjú sí ògiri fúnra rẹ̀, á ní, "Ó yá, Màmá." Màá mi kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́. Màá fi èékánná họ tábìlì, ó gbọ́. Màá pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń mí lásán, ó gbọ́.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ó ní, "Ó kàn yín. Ẹ̀yin náà ẹ kọjú sí ògiri."

Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjú sí ògiri. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Mo dúró. Mo rò pé ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ni. Mo tún dúró, ilé náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó sú mi, mo yíjú padà láti bi í pé ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ó ti dúró tì mí gbágbáágbá lẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rí bí ojú mi á ṣe máa rí ní gbogbo ọdún tí mò ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán."